Àbúrò Tí Mo Jí Mọ́ Ọ̀rẹ́ Mi Lọ́wọ́

Marla Pruitt lorúkọ mi. Mo ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta, èmi sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mo ń sọ fún wọn pé irọ́ kò dáa. Wọn ò mọ̀ pé màlúù ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yẹn.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi tú àṣírí ara mi.

Lọ́dún 1986, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan ní Mississippi, mo sì ń gbé nínú ilé ńlá funfun kan pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi. Lẹ́tà Gíríkì mẹ́ta lorúkọ ẹgbẹ́ wa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo búra, ìbúra kan ṣoṣo tí mi ò tíì dà nìyẹn.

Nínú ẹgbẹ́ wa, gbogbo ọmọ tuntun ló gbọ́dọ̀ ní ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tí ìyá bí fún un o. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ni, tí yóò fà á lọ́wọ́, tí yóò sì máa gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn ní ẹ̀gbọ́n tiẹ̀, ẹni yẹn náà ní tiẹ̀, bí ìdílé kan ṣe ń gùn lọ títí dé ayé àwọn ìyá wa nìyẹn. Ọmọbìnrin tí kò bá rí àbúrò gbà, orí ẹ̀ ni ìdílé ẹ̀ parí sí.

Connie Rudd, ẹ̀gbọ́n tèmi tó ti gboyè jáde, kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ó pè mí lórí fóònù láti Memphis.

"Marla, ọmọ tuntun mélòó lẹ gbà lọ́dún yìí?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá àbúrò ńkọ́?"

"Mẹ́rìnlélógún."

"Ṣé o rí i? Ẹni mẹ́jọ máa pòfo. Tó o bá jẹ́ kí ìdílé wa kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, má fẹsẹ̀ kan ibi ìgbéyàwó mi."

"Connie, o ò tíì rí ọkọ."

"Mo kàn ń sọ fún ẹ sílẹ̀ ni."

Àbúrò tí gbogbo wa ń lé ni Tess Ashcraft. Oṣù kẹjọ la kọ́kọ́ rí i, ní ọ̀sẹ̀ tá a máa ń ṣa àwọn ọmọ tuntun, nígbà tí oòrùn Mississippi ń yan èèyàn bí àgbàdo. Àwa ọgọ́rin ọmọbìnrin há sẹ́nu ọ̀nà, à ń pàtẹ́wọ́, à ń kọrin, à ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro wá. Àtíkè ojú mi ti ṣàn dé ọrùn. Àwọn ọmọ yòókù rọra ń wọlé, wọ́n ń fi ìka méjì mú bísíkíìtì. Tess dé ní tiẹ̀, kò tíì jókòó tó fi da ife omi èso pupa sórí kápẹ́ẹ̀tì funfun.

Tess yíjú sí Mama Odom, ìyá àgbà tó ń bójú tó ilé wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ̀ ń kó ọṣẹ sí? Ẹ tètè sọ fún mi, torí ó ń ṣe mí bíi kí n sá lọ."

Mama Odom kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá ẹ̀ fi fẹ́ bọ́.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti sọ nínú ara mi pé tèmi nìyí. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Gwen Baskin ló bá a kúnlẹ̀ nu kápẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi ni Gwen, a jọ ń gbé yàrá kan, a jọ ń lo dígí kan. Ọmọ àgbẹ̀ ni, kò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ó sì lágbára débi pé òun nìkan ló máa ń gbé àga onírọ̀rí kiri ilé. Kí wọ́n tó nu kápẹ́ẹ̀tì tán, òun àti Tess ti ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Àwọn méjèèjì ló ti sin ewúrẹ́ rí. Èmi ò sin kiní kan rí ju ẹja inú ìgò lọ, ó sì kú.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, àsìkò tó láti so ẹ̀gbọ́n mọ́ àbúrò. Ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan á kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mẹ́ta tó wù ú sínú ìwé pélébé, èyí tó wù ú jù á ṣáájú. Àwa àgbà náà á kọ tiwa. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń ka àwọn ìwé náà, òun ló máa so wọ́n pọ̀, á sì dáná sun gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn náà. Èèwọ̀ ni kéèyàn bi ẹnì kejì pé ta lo kọ, kí ìjà má bàa wọ̀ ọ́.

Lọ́dún náà, èmi ni ẹni yẹn. Mo bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà ni. Mo ní mo fẹ́ wúlò fún ẹgbẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ti ara mi mọ́ yàrá ìfọṣọ, mo jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí, mo ń tú ìwé. Mo wá kan ti Tess. Ohun tó kọ nìyí: àkọ́kọ́, Gwen Baskin. Ìkejì, Gwen Baskin. Ìkẹta, ẹ jọ̀ọ́, Gwen Baskin.

Mo yí ìwé náà padà, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, bóyá orúkọ mi wà níbẹ̀.

Mo tú ti Gwen. Tess ló kọ ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ti yanjú, ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá á mọ àwọn tó yẹ kó so pọ̀. Mo mú bírò. Mo gbé e sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rẹ́ mi ni Gwen, pé kò tọ́. Ara mi dá mi lóhùn pé ewúrẹ́ lásán ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Mo ní Gwen ni ọmọ náà fẹ́. Ara mi ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, kí ló mọ̀. Mo tún rántí Connie, mo rántí ojú tí wọ́n fi máa ń wo ẹni tí kò rí àbúrò gbà. A ṣe àríyànjiyàn náà fún bí ìdajì wákàtí, èmi àti ara mi, ara mi sì jàre.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé èmi Marla Pruitt ni ẹ̀gbọ́n Tess Ashcraft. Paulette Sims, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó kọ Gwen sí ipò kejì, òun ni mo so mọ́ Gwen. Lẹ́yìn náà mo kó àwọn ìwé pélébé lọ sídìí ààrò, mo sun wọ́n. Òfin ni kí n sun wọ́n. Òfin kan ṣoṣo tí mo pa mọ́ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Gwen ń dúró dè mí ní yàrá.

"Marla, mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ṣé Tess kọ mí?"

Mo lè dákẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ti sọ pé èèwọ̀ ni. Ẹnu mi ò gbà.

"Kò kọ ẹ́ rárá, Gwen. Má bínú."

"Kò burú," ni Gwen wí. Ó kọjú sí ògiri, ó ń ká aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú mi ò dùn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú mi ò dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dí mi lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀sẹ̀ ẹ̀bùn. Ẹ̀gbọ́n á máa fi ẹ̀bùn sẹ́nu ọ̀nà àbúrò ní ìkọ̀kọ̀ lójoojúmọ́, àbúrò á máa méfò ẹni tó ń gbé e wá. Mo gbé ẹ̀pà sísè fún Tess, mo gbé ìbọ̀sẹ̀ aláràbarà. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ewúrẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi òwú hun síbẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ewúrẹ́. Ẹ wo bí orí mi ṣe pé tó.

Nídìí oúnjẹ àárọ̀, Tess gbé ewúrẹ́ náà sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ fara pa mọ́ mọ́," ló wí, ó ń ṣẹ́jú sí Gwen.

Gwen ò wo ibì kankan ju àwo ẹyin ẹ̀ lọ. Tess rò pé ó ń díbọ́n ni.

"Ó mà mọ eré ṣe o," ló sọ sí mi létí. Mo gbé búrẹ́dì mì láìjẹ ẹ́.

Ọjọ́ ìfihàn dé. Wọ́n ta okùn sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì kọ́ ọ, àwa ẹ̀gbọ́n sì fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Nọ́ńbà wà lára aṣọ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lọ́wọ́ àbúrò kọ̀ọ̀kan lódìkejì. Lenora Fitch, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, fọn fèrè, ariwo ta. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Tess tó ń sáré bọ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Mo ti mọ̀, mo ti mọ̀."

Ó fa aṣọ náà wálẹ̀.

Ẹ̀rín wà lójú ẹ̀, ó kúrò, ó tún padà. Kò pẹ́ tó kéèyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ó dì mọ́ mi, ó sọ gbogbo ohun tó yẹ kó sọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó béèrè.

"Marla, ṣé mo ṣẹ Gwen ni? Mo rò pé ó fẹ́ mi."

"Paulette ló fẹ́," ni mo dá a lóhùn. "Òun ló kọ ṣáájú."

Irọ́ kìíní ti ń dá gbé, mo bá a wá ẹnì kejì.

Láti ìgbà náà ni yìnyín ti bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Tess bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ẹ" bá Gwen sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ìyàwó pásítọ̀ ni.

"Gwen, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na iyọ̀."

"Iyọ̀ nìyí, mà," ni Gwen á wí, tó fi ọdún kan jù ú lọ.

"Kí ló ń ṣe àwọn ọmọ yìí?" Mama Odom bi mí. "Mo ti tan ẹ̀rọ ìmúlé-gbóná, ilé mi ò gbóná."

"Òtútù ọdún yìí pọ̀ ni, mà," ni mo wí.

Mo di ògiri àárín wọn. Tí wọ́n bá jókòó sórí tábìlì kan, mo jókòó sáàárín. Tí Gwen bá ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, màá fa Tess wọ yàrá ìfọṣọ. Nígbà tá a ń ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́, mo fi ọ̀kan sí apá kan igi, mo fi èkejì sí òdìkejì, mo sì ń sáré yí i po. Ẹ̀rù pé wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ kí n tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dún náà. Màmá mi ní ìwé kíkà ni.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí mi ò retí. Mo di ẹ̀gbọ́n gidi. Mo kọ́ Tess ní ìṣirò tó ń dà á láàmú. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, èmi ni mo ń gbé ọbẹ̀ adìyẹ gun òkè lọ fún un, èmi ni mò ń ka ìwé ìfẹ́ sí i létí, tí mò ń yí ohùn padà fún ọkùnrin àti obìnrin inú ẹ̀. Ẹ̀rí-ọkàn ló kọ́kọ́ ń tì mí. Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn ọmọ náà ni.

Lóṣù kẹta, àwọn ilé ẹgbẹ́ máa ń bára wọn díje nínú eré àti orin. Lenora ló kọ tiwa: ọmọge kan fẹ́ràn màlúù ẹ̀ ju àfẹ́sọ́nà ẹ̀ lọ. Èmi ni ọmọge, torí mo lóhùn. Màlúù gba èèyàn méjì. Lenora wo ẹni tó lágbára, ó fi Gwen síwájú. Ó wo ẹni tó kúrú, ó fi Tess sẹ́yìn.

"Ṣé kò sí ẹlòmíì ni?" mo bi í.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n ń jà ni?"

"Rárá o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo retí kí ọ̀kan nínú wọn kọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ̀, torí kálukú fẹ́ fi han ẹnì kejì pé kò dun òun.

Lenora so makirofóònù kékeré mọ́ inú ẹnu màlúù kí igbe ẹ̀ lè dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Bọ́tìnnì ẹ̀ wà lọ́wọ́ Gwen. Kó tẹ̀ ẹ́, kó ké, kó tún tẹ̀ ẹ́ láti pa á. Iṣẹ́ tí kò le.

Ọ̀sán Sátidé ni, gbọ̀ngàn kún fún àwọn òbí, màmá mi wà ní ìlà kẹta. Mo gbé garawa mi dání, mo fa màlúù jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Gwen tẹ bọ́tìnnì, ó ké "múù", ẹ̀rín sọ. Kò tún un tẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ orin mi, orin jẹ́jẹ́ kan tí mo fi ń yin màlúù náà pé òun nìkan ni kì í tàn mí.

"Dúró jẹ́ẹ́," ni màlúù wí.

Mo rò pé etí mi ló ń ṣe é.

"Mo dúró. Ìdí yín ló ń gbá mi nímú."

"Sún sẹ́yìn díẹ̀, kò ní gbá ẹ."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ mi nítòsí. Ẹ ti fi hàn mí látoṣù kẹwàá."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ tó ò kọ mí."

"Mi ò kọ ta ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ yín. Mo tún bẹ̀bẹ̀ sí i."

"Marla ní o ò kọ mí rárá."

"Marla ní Paulette lẹ kọ ṣáájú."

"Ìwọ ni mo kọ ṣáájú, Tess."

Ẹni tó ń tẹ dùrù ti dáwọ́ dúró. Èmi ò dáwọ́ dúró ní tèmi. Mo ń kọrin lọ, mo tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀ kún un, mo ní kí màlúù lọ jẹ koríko. Màlúù ò lọ. Iwájú ẹ̀ yí sí ọ̀tún láti wò mí, ẹ̀yìn ẹ̀ yí sí òsì láti wò mí, aṣọ sì ya láàárín. Tess jáde, ìrù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Marla, ṣé òótọ́ ni?"

Mo wo garawa mi. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó lè ràn mí lọ́wọ́. Mo wo màmá mi ní ìlà kẹta, ó ti fi ìwé ètò bo ojú.

"Òótọ́ ni," ni mo wí.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí eré ṣe parí nìyẹn. Àwọn adájọ́ fún wa ní ipò kejì, wọ́n ní eré náà jọ ohun tójú rí.

Nílé, kò sẹ́ni tó ń yọ̀ fún ipò kejì. Lenora gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ẹgbẹ́, mo sì tọrọ àforíjì títí mi ò fi rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Mama Odom dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ ẹ̀.

"Ọmọ mi, ọdún kọkànlélógún mi nílé yìí rèé," ló wí. "Mo ti rí ẹni tó jí àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó jí bàtà. Ẹni tó jí àbúrò, ìwọ ni àkọ́kọ́."

Gwen ò pariwo lé mi lórí. Ó sàn kó pariwo. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ nínú yàrá wa ni "iná", tó bá fẹ́ kí n pa á.

Wọn kì í tú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ká nínú ẹgbẹ́ wa. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí Tess fẹnu ara ẹ̀ yan ibi tó bá fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ò fi sọ nǹkan kan. Mo ń gbàdúrà bí ẹni tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdílé tó fẹ́ parun ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi mọ́, ọmọ náà ni mi ò fẹ́ pàdánù.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá bá mi lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó tì mí.

"Mò ń lọ sọ́dọ̀ Gwen."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo lọlé fún Kérésì, mo sọ fún màmá mi pé ká ní wọ́n tún ní kí n kọ orúkọ, ìwọ ni ǹ bá kọ ṣáájú."

Mo yíjú sí i. "Dúró tì mí nígbà náà. Tess, jọ̀ọ́."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró? Gbogbo ọbẹ̀ tó o gbé gòkè wá fún mi, mi ò mọ̀ bóyá torí o fẹ́ràn mi ni, tàbí torí ẹ̀rí-ọkàn ń dà ẹ́ láàmú."

"Méjèèjì ni."

"Mo mọ̀ pé méjèèjì ni," ó ní. "Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì mọ́."

Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó dìde, ó wọlé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ mi, kì í ṣe ìtìjú orí ìtàgé ló ń dùn mí dòní. Mo ti ń rẹ́rìn-ín ìyẹn tipẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ náà ti fẹ́ràn mi tinútinú kí Kérésì tó dé, irọ́ tí mo fi gbà á ló sì gbà á padà lọ́wọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹnì kan, ẹ dúró kó wá bá yín fúnra ẹ̀. Tí kò bá wá, ẹ máa sunkún yín lọ ní tiyín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gòkè lọ mú ìwé kan ní yàrá wa. Mo gbọ́ Gwen àti Tess nínú yàrá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ léra wọn lórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí àwọn tí ẹ̀rín oṣù márùn-ún wà lọ́rùn wọn. Mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn yàrá ara mi. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo lọ yá ìwé ti Paulette.